Àbúrò Mi, Àdúgbò Yìí Tìẹ Náà Ni

Àbúrò mi, mo mọ bí ọjọ́ rẹ ṣe ń lọ. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tó o fi ti wẹ̀ tán, tó o ti dúró sí Ìyànà Ìpájà tàbí sí rántábọ́ọ̀tù Ìkòtún, tí ò ń bá èrò du dáńfó Ọ̀ṣòdì, tí ò ń gbàdúrà kí gosiló má tíì dì. Ìgbà tó o bá fi máa padà dé, ọlọ́dẹ ti ń múra àtiti géètì. Sátidé ni ti aṣọ fífọ̀ àti ọjà, Sọ́ńdè ni ti ṣọ́ọ̀ṣì, bó bá sì jẹ́ mùsùlùmí ni ẹ́, àsàláátù ti gba àárọ̀ Sọ́ńdè lọ́wọ́ rẹ. Bí wọ́n bá bi ẹ́ léèrè orúkọ ìyá tó ń gbé ojúlé kejì, wàá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ̀ wọ́n o. Ayálégbé ṣáà ni mí."

Ibẹ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Alímọ̀ṣọ́ ló jẹ́ ayálégbé. A wá síbí torí pé owó ilé ní Yábàá àti Sùúrùlérè ti ju agbára wa lọ, tàbí torí pé ẹ̀gbọ́n wa kan ti ń gbé Ẹ̀gbẹ́dá tẹ́lẹ̀. A ní ọdún méjì péré la máa lò kí á tó kọ́ tiwa. Ọdún méjì di mẹ́wàá, ọmọ dé, ọmọ wọ iléèwé, síbẹ̀ à ń sọ̀rọ̀ bí èrò tó ń dúró de ọkọ̀. Gọ́tà tó dí níwájú ilé, a ní ti onílé ni. Iná títì tó kú, a ní ti káńsù ni. Ọmọ aládùúgbò tí kò lọ síléèwé, a ní ìyá rẹ̀ ló mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí, ni mo ṣe ní kí n bá ẹ sọ ọ́ bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń bá àbúrò sọ̀rọ̀.

Àwọn Àwórì ló ni ilẹ̀ Ìkòtún, Ìgàndó àti Ìṣẹri. Àwa yòókù, àti ẹni tó ra pulọ́ọ̀tì, àti ẹni tó gba yàrá kan, ibòmíràn ni a ti wá: Ìjẹ̀bú, Èkìtì, Ọ̀ṣun, Ẹ̀gùn, Ìgbò, ilẹ̀ Hausa. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ ka ènìyàn 1,277,714 ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́. Ìjọba Èkó ní tiwọn ní àwọn ka iye tó ju mílíọ̀nù méjì lọ. Èyíkéyìí tó o bá gbà nínú méjèèjì, kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn l'Ékòó tó ní èrò tó bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2003 ni wọ́n ti pín in sí káńsù mẹ́fà, Alímọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú Àgbádó-Òkè Odò, Ayọ̀bọ́-Ìpájà, Ẹ̀gbẹ-Ìdímù, Ìkòtún-Ìgàndó àti Mọ́sàn-Òkúnọlá. Síbẹ̀, káńsù mẹ́fà kò lè mọ orúkọ ọmọ tó sùn lébi ní ojúlé kẹta sí tìẹ. Ìwọ lo lè mọ̀ ọ́n.

Ṣé o rántí oṣù kẹrin ọdún 2020? Ìjọba àpapọ̀ ti ní kí gbogbo Èkó jókòó sílé láti alẹ́ ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹta nítorí àrùn Kòrónà. Ebi ti mú, ẹni tó ń jẹ nínú iṣẹ́ òòjọ́ kò ríṣẹ́ ṣe. Ni ìròyìn àwọn tí wọ́n ń pè ní One Million Boys bá gbòde kan, pé wọ́n ń ya wọ àdúgbò dé àdúgbò, láti Abúlé Ẹ̀gbá dé Agége, dé ọ̀dọ̀ tiwa níbí, tí wọ́n ń jalè. Ní àwọn òru àsìkò Àjíǹde yẹn, ta ló sùn? Àwọn ènìyàn dáná sun táyà lójú títì, wọ́n mú igi àti àdá, wọ́n ṣọ́nà mọ́júmọ́. Ibi iná táyà yẹn ni ọ̀pọ̀ ti kọ́kọ́ mọ orúkọ ara wọn, lẹ́yìn ọdún gbọọrọ tí wọ́n ti jọ ń gba ẹnu géètì kan náà wọlé. Kò sí ẹni tó béèrè ta ni onílé, ta ni ayálégbé.

Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí ìyẹn, ẹ̀rù rẹ̀ sì tún máa ń bà mí. Nínú irú òru bẹ́ẹ̀, ọmọkùnrin tó kàn fi irun rẹ̀ dárà, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, lè di olè lójú èrò kí ó tó la ẹnu. Ohun tó lè gbà á sílẹ̀ ni kí ẹnì kan yọjú kó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ o, ọmọ ìyá aláta ni." Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tó o máa fún àdúgbò rẹ kò ní ná ẹ ní kọ́bọ̀: mọ àwọn ènìyàn, jẹ́ kí àwọn náà mọ̀ ẹ́. Tó o bá ń jáde láàárọ̀, yọ íápíìsì tó o kì bọ etí kúrò, kí ẹni tó o bá pàdé. Ra ata àti tòmátì ẹgbẹ̀rún náírà yẹn lọ́wọ́ ìyá tó pàtẹ sẹ́nu géètì, dípò kó o máa gbé e bọ̀ láti Ìkòtún. Béèrè orúkọ ọmọ tó gbé sẹ́yìn.

Kọ àwọn orúkọ náà sílẹ̀ pẹ̀lú, nínú fóònù tàbí nínú ìwé kékeré. Nọ́ọ̀sì wo ló ń gbé nítòsí? Ta ló ní mọ́tò tó lè gbé aboyún lóru? Ta ni oníṣẹ́ iná? Apá ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn tí kò lè sáré. Alímọ̀ṣọ́ ti mọ ohun tí iná ń ṣe. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá ọdún 2006, páìpù epo bẹ́ ní Abúlé Ẹ̀gbá, ẹ̀mí tó bá a lọ lé ní igba. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Karùn-ún ọdún 2008, katakata tó ń ṣe ọ̀nà kọ lu páìpù epo ní Ìjẹ̀gùn, iná dé ẹ̀gbẹ́ iléèwé, àwọn ọmọ sì wà nínú ẹni tó kú. Nítorí náà, kọ ọ́: ìyá àgbà tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ọmọ tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, obìnrin tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹsàn-án. Kọ orúkọ ẹni tó máa gbé wọn síwájú orúkọ wọn, kó o sì sọ fún onítọ̀hún pé òun lo kọ. Nọ́ḿbà pàjáwìrì Èkó ni 767 àti 112, owó kò sí lórí rẹ̀. Kọ́ àwọn ọmọdé inú ilé yín títí wọ́n á fi mọ̀ ọ́n lórí. Tí epo bá ń jò níbikíbi, má jẹ́ kí ẹnì kan gbé kẹ́ẹ̀gì lọ síbẹ̀. Ẹ pa ààrò, ẹ pa jẹnẹrétọ̀, ẹ kúrò níbẹ̀, kí ẹ tó pè.

Tí àwọn ènìyàn bá ti mọ̀ ẹ́, wá lọ sí ìpàdé àdúgbò. Mo mọ̀ pé ìpàdé lándílọ́ọ̀dù lò ń pè é, o sì rò pé wọ́n máa lé ẹ. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò ni, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní CDA. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣòfin lórí rẹ̀ láti ọdún 2008, àwọn CDA tó wà lábẹ́ káńsù kọ̀ọ̀kan ló sì ń rán aṣojú lọ sí ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní CDC. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ gọ́tà yín fi lè dé káńsù nìyẹn láìjẹ́ pé ẹ mọ ẹnikẹ́ni nínú ìjọba. Ní àdúgbò mìíràn, àwọn onílé nìkan ló ń jókòó síbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ni pé ayálégbé kì í yọjú ni, kì í ṣe pé wọ́n lé wọn.

Báyìí ni kó o ṣe é. Béèrè ọjọ́ ìpàdé lọ́wọ́ onílé rẹ. Kó o tó lọ, yà sọ́dọ̀ alága nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa: "Ẹ kú iṣẹ́ àdúgbò, sà. Ojúlé báyìí ni mò ń gbé. Mo fẹ́ máa bá yín pé jọ, kí n sì máa ṣe èyí tí agbára mi bá gbé." Bàbá náà máa rẹ́rìn-ín, wọn á gbàdúrà fún ẹ, wọn á sì sọ fún àwọn yòókù kó o tó dé. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, jókòó sẹ́yìn, gbọ́ tẹnu wọn. Wọ́n máa jà lórí owó oṣù ọlọ́dẹ, wọ́n máa jà lórí ẹni tí kò san owó tíránsífọ́mà. Má tíì kó gbogbo èrò tó o gbé wá kalẹ̀. Àwọn tó ń jà yẹn ló ti ń ṣọ́ àdúgbò náà láti ìgbà tí igbó ṣì wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n nílò jù ni ìwé kíkọ. Alága ti fẹ̀yìn tì, ojú akọ̀wé ti ń ṣú, ìwọ sì ń fi gbogbo ọjọ́ tẹ kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì. Gba iṣẹ́ ìwé lọ́wọ́ wọn. Ká ní tíránsífọ́mà yín ló bàjẹ́, tí ẹ fẹ́ kọ̀wé sí Ikeja Electric tó ń mójú tó iná ọ̀dọ̀ wa. Má kọ àdúrà gígùn àti ìkíni sínú rẹ̀. Kọ nọ́ḿbà tó wà lára tíránsífọ́mà, orúkọ títì tó ń jẹ iná rẹ̀, iye ilé, ọjọ́ tó bàjẹ́, àti ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ wọn wá wò ó kẹ́yìn. Jẹ́ kí ẹni bíi mẹ́wàá fọwọ́ sí i pẹ̀lú nọ́ḿbà mítà wọn. Tẹ ẹ̀dà méjì, fi ọ̀kan sílẹ̀, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ àti déètì lu èkejì fún ẹ kó o tó kúrò níbẹ̀. Bí ẹnì kan nínú ìpàdé bá sì ní kí ẹ dáwó ra tíránsífọ́mà fúnra yín, sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé àjọ NERC, tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná nígbà náà, gbé ìlànà jáde ní ọdún 2015, pé kí àdúgbò tó bá fẹ́ náwó sórí iná kọ́kọ́ bá iléeṣẹ́ iná tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lórí bí owó náà ṣe máa padà sọ́wọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ àdúgbò ti dáwó láìgba ìwé kankan. Bí o kò bá ṣe ju kó o sọ ìyẹn lọ, o ti ṣe gudugudu méje.

Wàyí o, gọ́tà. Tẹ́lẹ̀, Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, láti aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ rìn nígboro Èkó; kóówá ń tún àyíká rẹ̀ ṣe. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, ìjọba fòpin sí títi ènìyàn mọ́lé lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ sọ pé kò bófin mu. Mo gbà pé ẹjọ́ náà tọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ipá lọ, ọ̀pọ̀ àdúgbò jẹ́ kí iṣẹ́ náà bá a lọ. Àwọn bàbá wa kò nílò ọlọ́pàá kí wọ́n tó bẹ̀ ọ̀wẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣán oko tàbí kọ́lé á ránṣẹ́ pe ẹbí, ọ̀rẹ́ àti àna, wọ́n á wá, òun á sì bọ́ wọn.

Oúnjẹ yẹn ni kó o mú dání. Tó o bá fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin kó gọ́tà pẹ̀lú yín, má lọ fi ọ̀rọ̀ gún wọn lára lórí WhatsApp. Sọ fún wọn pé ìrẹsì àti ẹ̀wà máa jinná ní aago mẹ́wàá. Mú àwọn ìyá méjì, mẹ́ta mọ́ra, ẹ pín ìnáwó náà. Kí ẹ ṣe é kí òjò tó wọlé, ní oṣù kejì tàbí oṣù kẹta, nígbà tí ẹrẹ̀ inú gọ́tà ṣì le díẹ̀. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà, bàtà òjò, ṣọ́bìrì àti bárò ni ẹ máa nílò, pẹ̀lú àpò síméńtì òfìfo tó pọ̀. Àpò yẹn ṣe pàtàkì o. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé ká kó ẹrẹ̀ dúdú náà jáde, ká kó o jọ sétí gọ́tà, ká sì kí ara wa kú iṣẹ́. Òjò kan péré ló máa gbá gbogbo rẹ̀ padà sínú. Dì í sínú àpò lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì ti bá PSP tó ń kó ilẹ̀ yín sọ ọ́ kó tó di ọjọ́ náà pé àpò báyìí máa wà nílẹ̀, iye báyìí lẹ sì máa san.

Tó o bá yẹ inú àpò wọ̀nyẹn wò, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti ike mínírà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bí ìwọ náà bá ti kọjá lójú ọ̀nà LASU sí Ìgàndó nígbà òjò, o mọ òórùn ààtàn Solous, o sì mọ ibi tí gbogbo ohun tí à ń jù nù ń lọ. Obìnrin bíi tiwa, Bilikiss Adebiyi-Abiola, ló dá iléeṣẹ́ Wecyclers sílẹ̀ l'Ékòó ní ọdún 2012. Wọ́n ń gba ike, ọ̀rá àti agolo lọ́wọ́ àwọn ará ilé, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á sì fi ẹ̀bùn san án. Kò pọn dandan kó o dá iléeṣẹ́ sílẹ̀. So àpò kan mọ́ ẹ̀yìn ilé yín fún ike nìkan, fi han àwọn ọmọ, kó o wá àwọn tó ń ra ike káàkiri àdúgbò kí wọ́n máa wá kó o. Owó tó bá wọlé, kí àwọn ọmọ fi ra ìwé kíkà.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ló wá kàn, èyí sì gba sùúrù díẹ̀. Ní gbogbo Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìkòtún, o máa rí ọmọ tó dé láti iléèwé ní aago méjì, tí ìyá rẹ̀ kò sì ní kúrò ní ọjà títí di aago mẹ́jọ alẹ́. Tó bá ṣeé ṣe fún ẹ, ya ọ̀sán Sátidé kan sọ́tọ̀, kó o máa kọ́ wọn ní ìwé kíkà, ìṣirò, tàbí ohun tó o bá mọ̀ dunjú. Ohun tó o mọ̀ ni mo wí. Tunde Onakoya kò ní owó nígbà tó dá Chess in Slums Africa sílẹ̀ ní ọdún 2018. Ayò ṣẹ́ẹ̀sì ló mọ̀, òun ló gbé lọ bá àwọn ọmọ àdúgbò àwọn tálákà l'Ékòó. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2024, ó jókòó sí Times Square ní New York, ó ta ayò náà fún wákàtí 60, láti fi kówó jọ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà. Bó bá jẹ́ aṣọ rírán lo mọ̀, kọ́ wọn ní bọ́tìnnì lílẹ̀ àti etí aṣọ ṣíṣẹ́. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ni, jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án.

Àmọ́ o, àbúrò mi, ìta gbangba tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ojú ń tó ni kẹ́ ẹ ti máa ṣe é, kí òbí wọn mọ̀, kí àgbàlagbà méjì ó kéré tán sì wà níbẹ̀. Má gba ẹnikẹ́ni láyè láti mú ọmọ kan dá wọ yàrá, ì báà jẹ́ aláàánú jù lọ nínú yín. Bí ọmọ kan bá sì ń bẹ̀rù àti padà sílé, tí o rí ojú ọgbẹ́, tàbí tó sọ ohun tó bà ẹ́ nínú jẹ́, má ṣe pe ìpàdé ẹbí lé e lórí. Àjọ DSVA, tí ìjọba Èkó gbé kalẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ìfipábánilòpọ̀ àti ìwà ipá nínú ilé, ní nọ́ḿbà tí kì í gba owó: 08000-333-333. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ kí ẹnikẹ́ni tó wẹ̀ ẹ́ tàbí fọ aṣọ rẹ̀.

Bí iléèwé ìjọba lo bá fẹ́ ràn lọ́wọ́, lọ bá ọ̀gá iléèwé kó o tó ra ohunkóhun. Mo ti rí ibi tí wọ́n kó báàgì tó ní fọ́tò olóṣèlú lára wá fún àwọn ọmọ tí kò ní àga tí wọ́n máa jókòó lé. Béèrè: kí lẹ nílò, mà? Ó lè jẹ́ ṣọ́ọ̀kì. Ó lè jẹ́ kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọbìnrin. Ìwọ náà jẹ́ obìnrin, mi ò nílò láti ṣàlàyé fún ẹ ohun tí ìlẹ̀kùn tó tì dáadáa, omi nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì àti páàdì díẹ̀ nínú àpótí olùkọ́ máa ṣe fún ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù láàárín kíláàsì.

Mo fẹ́ sọ ti ẹ̀jẹ̀ báyìí, má sá. Ní ilé ìwòsàn gbogboogbò Alímọ̀ṣọ́, ní Ìgàndó níbẹ̀, bí i ti gbogbo ilé ìwòsàn ńlá wa, obìnrin ń bímọ, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dà lẹ́yìn ìbímọ. Kò sí ilé iṣẹ́ tó lè rọ ẹ̀jẹ̀. Ara ènìyàn nìkan la ti ń rí i. Tí kò bá sí nílẹ̀, wọ́n á ní kí ọkọ rẹ̀ lọ wá ẹni tó máa fún un, lóru. Ẹ̀jẹ̀ pupa kì í pẹ́ ju nǹkan bí ọjọ́ 35 sí 42 lọ nínú fìríìjì, ìdí nìyẹn tí kò fi tó ká máa fúnni nígbà tí ará ilé wa bá ń kú lọ nìkan.

Tó o bá ti pé ọdún 18, tó o wọ̀n tó kílò 50, tí o kò lóyún, tí o kì í fún ọmọ lọ́mú lọ́wọ́, tí ara rẹ sì dá, o lè fúnni. Wọ́n máa kọ́kọ́ yẹ ìfúnpá rẹ wò, wọ́n á gún ọmọ ìka rẹ láti mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ tó. Èyí tí wọ́n máa gbà kò ju nǹkan bí mílílítà 450 lọ, kò tó omi ìgò kékeré tó ò ń rà nínú gosiló. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ lórí ibùsùn. Jẹun kó o tó lọ, mu omi dáadáa, má gbààwẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ aṣọ tí apá rẹ̀ ṣeé ká sókè. Lẹ́yìn rẹ̀, jókòó díẹ̀, mu nǹkan dídùn, má sì lọ gba ọ̀kadà kíákíá. Obìnrin lè tún fúnni lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ọkùnrin lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Bí o bá ń bẹ̀rù pé wọ́n lè tà á, béèrè níbi ìfúnnilẹ́jẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lò ó, ẹ̀tọ́ rẹ ni. Tó o bá fẹ́ ẹlẹgbẹ́ tí ẹ máa jọ lọ, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹfà ni gbogbo ayé ń ṣe àyájọ́ àwọn tó ń fúnni lẹ́jẹ̀. Mú ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì yín tàbí àsàláátù yín lọ lọ́jọ́ náà.

Ní ti oúnjẹ àti owó fífún, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni mo ní. Fún ènìyàn bí o ṣe fẹ́ kí wọ́n fún ìyá rẹ. Tó o bá gbé ìrẹsì lọ fún opó, lọ nírọ̀lẹ́, fi sínú báàgì tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ ohun tó wà níbẹ̀, kó o sì fi fóònù sínú àpò. Fọ́tò yẹn kò yẹ ẹ́, kò sì yẹ òun náà. Tí ọwọ́ rẹ kò bá tó láti ṣe é nìkan, Lagos Food Bank tí Michael Sunbola dá sílẹ̀ ní ọdún 2015 ń gba àwọn tó fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn dì oúnjẹ, kí wọ́n sì pín in, láìmú kọ́bọ̀ wá. Fún arúgbó tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ohun tó sàn ju owó ọwọ́ lọ ni pé kí ẹ̀yin mélòó kan parapọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú Ìlera Èkó, ètò adójútòfò ìlera tí ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2018. Ẹ sanwó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà. Bá a lọ sí ilé ìwòsàn tó bá yàn nígbà àkọ́kọ́, nítorí àgbàlagbà mìíràn á padà sílé tí wọ́n bá ti ní kó lọ sí kántà kejì.

Ìkìlọ̀ ṣì kù. Má gba iṣẹ́ akápò ní ọdún tó o kọ́kọ́ dé. Bí wọ́n bá fi dandan lé e, kí orúkọ ẹni mẹ́ta wà lórí àkáǹtì náà, kó o sì máa ka ohun tó wọlé àti ohun tó jáde sétí gbogbo ìpàdé, títí kan owó àpò síméńtì. Nígbà ìdìbò, àwọn olóṣèlú máa wá bá ẹ, torí wọ́n ti gbọ́ pé àwọn obìnrin àdúgbò ń gbọ́rọ̀ sí ẹ lẹ́nu. Tó o bá fẹ́ ṣe òṣèlú, ṣe é ní gbangba, ṣùgbọ́n má kó orúkọ àwọn tí ò ń ràn lọ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni. Má sì pa ilé tìẹ tì. Yan ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí tí mo kà sílẹ̀, ohun tó o lè ṣe lóṣooṣù láìṣẹ́gi lé oorun rẹ pátápátá. Akọ̀wé tó wá lóṣooṣù wúlò ju aláàánú tó wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún lọ.

Mo mọ̀ pé lọ́jọ́ kan o máa kó lọ. Owó ilé lè lé, ọkọ lè gbé ẹ lọ sí Ìkòròdú, Ọlọ́run sì lè jẹ́ kó o kọ́ tìẹ. Nígbà tó bá ku oṣù méjì, wá ayálégbé mìíràn, ọmọbìnrin tó ń kí ènìyàn, tí kì í gbàgbé ohun tí wọ́n bá rán an. Mú un lọ sọ́dọ̀ alága kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Fi ìwé orúkọ náà lé e lọ́wọ́, pàápàá apá ti àwọn tí kò lè sáré, kí ẹ sì jọ lọ sí ojúlé kọ̀ọ̀kan láti wò ó bóyá ẹni náà ṣì ń gbé ibẹ̀.